Ọkọ̀ Àlòkù Afẹsẹ̀-Ẹ̀yìn-Rìn àti Ọgbọ́n Ìwakọ̀ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

1. Ìfáárà

 

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni a fẹ́ fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní irú ibi báyìí. Wọ́n lè sọ pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni, tàbí ti àwọn tí ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá títì. Èrò tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, tí ó ń ná owó gọbọi lé lórí, tí ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó tó ohun tí ó yẹ kí a fi ìmọ̀ yẹ̀ wò.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló dé tí àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìwakọ̀, káàkiri ayé àti láàárín wa níhìn-ín, fi ń wá ọkọ̀ kékeré àlòkù kan báyìí kiri, irú èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń tì í lọ, nígbà tí ọkọ̀ tí kò tó o lọ́jọ́ orí wà lọ́jà? Ṣé àṣà lásán ni, àbí ìdí gidi wà níbẹ̀? Láti dáhùn, n óò kọ́kọ́ ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò lò. Lẹ́yìn náà n óò sọ ìtàn irú ọkọ̀ yìí ní ṣókí. N óò wá ṣe àlàyé bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wa. Kí n tó sọ adùn rẹ̀, ewu rẹ̀, àti bí ọlọ́gbọ́n ti í rà á.

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò lò

Èkíní nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ni àlòkù. Ohunkóhun tí ẹlòmíràn ti lò kù ni àlòkù, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe ọkọ̀. Èkejì ni tòkunbọ̀, tí òkìkí rẹ̀ ju ti àlòkù lọ. Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé padà wálé, ni à ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, tí ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, ni àwọn ènìyàn wa mú orúkọ ọmọ yìí tí wọ́n fi sọ ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọgbọ́n inú ìsọlórúkọ náà: kò pe ọkọ̀ ní ògbólógbòó, ọmọ tí ó ti àjò dé ni ó pè é. Ìpolówó wà nínú orúkọ náà, ẹ̀tàn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ tí ó ti òkun bọ̀ lè gbé àìsàn bọ̀.

Ẹ̀kẹta ni irú ọkọ̀ kékeré tí kò ní búùtù tí ó yọ gbọọrọ sẹ́yìn. Òrùlé rẹ̀ ni ó rọra tẹ̀ wá sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ àti gíláàsì rẹ̀ a sì jùmọ̀ ṣí sókè. Nissan Micra, tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. N óò máa pe irú rẹ̀ ní ọkọ̀ onílẹ̀kùn-ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ọkọ̀ ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ náà ni agbára ẹ́ńjìnnì ń dé. Ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, tí ó dà bí ẹni pé a ń fi okùn fà á lọ, ni n óò pè ní afẹsẹ̀-iwájú-rìn. Èyí tí agbára ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó dà bí ẹni pé a ń tì í láti ẹ̀yìn, ni n óò pè ní afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn. Micra tí a dárúkọ yẹn, afẹsẹ̀-iwájú-rìn ni. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ọkọ̀ onílẹ̀kùn-ẹ̀yìn tí ó tún jẹ́ afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn, tí a sì rà ní àlòkù.

3. Ìtàn irú ọkọ̀ yìí ní ṣókí

Ọkọ̀ afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Òun ni ó mú púpọ̀ nínú àwọn òbí wa mọ ìwakọ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó àti ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Volkswagen kékeré tí a ń pè ní Ìjàpá ni ti Èkó. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ni ó ń tù ú lára, kò lo omi rárá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó sì fi ń rìn. Peugeot 504 ni ti Kàdúná. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀pá irin gígùn kan, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là, ni ó ń gbé agbára gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ta ni ó rin ìrìn àjò láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó láyé ìgbà náà tí kò mọ 504 alájòókòó ìlà mẹ́ta? Ẹrù orí rẹ̀, èrò inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó ń gbé gun òkè.

Kì í ṣe àwọn méjì yìí nìkan. Datsun àtijọ́ àti Toyota Corolla tí wọ́n ṣe kí ó tó di 1983, afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn ni wọ́n. Láàárín 1978 sí 1984 ni Toyota ṣe Starlet kan tí ó jẹ́ onílẹ̀kùn-ẹ̀yìn tí ó sì jẹ́ afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Vauxhall Chevette, tí ó jáde ní 1975, rí bákan náà. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́ ìwakọ̀ ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1975, ọkọ̀ afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn ni ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó fi kọ́ ọ.

Kí ni ó wá yí nǹkan padà? Ìṣirò àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ni. Mini ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959 fi hàn pé bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì dábùú sí iwájú, tí a sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú máa fa ọkọ̀, a kò ní nílò pùròpẹ́là mọ́. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, àyè ẹsẹ̀ yóò gbòòrò, ọkọ̀ yóò fúyẹ́, owó tí a fi ṣe é yóò sì dín kù. Volkswagen Golf gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1974, gbogbo ayé sì tẹ̀ lé e. Starlet di afẹsẹ̀-iwájú-rìn ní 1984. Corolla ti ṣáájú rẹ̀ ní 1983, àfi ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní AE86, tí ó di afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn mú títí di 1987. Ọkọ̀ AE86 yìí, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 950 kílógíráàmù lọ, ni àwọn ọ̀dọ́ Japan fi ń gun òkè wọn lóru, òun sì ni eré àwòrán kan sọ di olókìkí káàkiri ayé.

Láti ìgbà náà, BMW ti Jámánì nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró sórí ọ̀nà àtijọ́ láàárín ọkọ̀ onílẹ̀kùn-ẹ̀yìn. Wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Compact láti àárín àwọn ọdún 1990 títí di 2004. Ní 2004 ni wọ́n gbé 1 Series jáde. Nígbà tí ó fi di 2019, òun náà ti yí padà di afẹsẹ̀-iwájú-rìn. Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ oníná mànàmáná kan, bí Volkswagen ID.3, ti dá agbára padà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n owó wọn ga, iná tí wọn yóò sì máa mu kò tíì dájú lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí kò lówó púpọ̀, tí ó sì fẹ́ irú ọkọ̀ yìí, kò sí ibòmíràn tí yóò yà sí ju ọjà àlòkù lọ.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa bí wọ́n ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọkọ̀ tí sitiárìn rẹ̀ wà lápá òsì ni ó bá wa mu láti ìgbà náà. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé àlòkù Jámánì, Bẹ́líjíọ̀mù, Họ́láńdì àti Amẹ́ríkà ń rọ̀ wá lọ́rùn, tí èyí tí ó bá ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan wá sì ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ kí ó tó rìn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èbúté Kùtọnú ni púpọ̀ nínú wọn ń gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó gba ẹnu ibodè wọlé. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti Oṣù Kìíní 2017. Nígbà tí ó sì di 2023 tí iye náírà já wálẹ̀ gan-an, tí ìrànwọ́ owó epo sì dópin, tòkunbọ̀ pàápàá di ọ̀wọ́n gógó. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa tún ọkọ̀ àtijọ́ tí ó wà nílẹ̀ ṣe dípò kí wọ́n ra òmíràn.

4. Bí agbára ṣe ń dé ilẹ̀

A ti dé ibi tí kókó ọ̀rọ̀ wà. Táyà ni ó so ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Bí ìwọ̀n tí ó tẹ táyà kan mọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni táyà náà yóò ti lè di ilẹ̀ mú tó. Bí ìwọ̀n bá ti fò kúrò lórí rẹ̀, yóò máa yí lófìfo.

Ẹ jẹ́ kí a fi òkè Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú àpáta ni ìlú wa. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn baba wa sá sí ní 1830, ààbò tí wọ́n rí lára òkè náà ni ó sì di ìṣòro awakọ̀ lónìí. Ẹni tí ó ń gun ọ̀nà láti Ìtòkú tàbí Sàpọ́n lọ sí àwọn àdúgbò orí òkè mọ ohun tí mò ń wí. Ká ní ọkọ̀ kan wúwo tó 900 kílógíráàmù pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jìnnà sí ti ẹ̀yìn ní mítà 2.3, kí àárín gbùngbùn ìwọ̀n rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀ ní ìdajì mítà. Bí ó bá ń gun òkè tí ó ń ga ní mítà kan nínú mítà márùn-ún, ìwọ̀n tí ó tó nǹkan bí 40 kílógíráàmù yóò kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú bọ́ sórí ti ẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá tún fún un ní epo láti gbéra lójijì, nǹkan bí 40 mìíràn yóò tẹ̀ lé e.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ méjì wéra. Afẹsẹ̀-iwájú-rìn máa ń gbé ìwọ̀n tí ó tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún sí iwájú, èyí ni 540 kílógíráàmù. Lórí òkè náà, ohun tí yóò kù lórí ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ kò ju 460 lọ. Afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn tí ìwọ̀n 45 nínú ọgọ́rùn-ún wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ ní 405 kílógíráàmù lórí ẹsẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀; ṣùgbọ́n lórí òkè náà yóò di 485. Bí èrò mẹ́ta bá tún jókòó sẹ́yìn, tí àpò gàrí kan sì wà lẹ́yìn wọn, orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà yóò sọ̀ sí. Bí ẹrù bá ti ń pọ̀ sí i ni afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn ń di ilẹ̀ mú sí i. Ohun tí ó mú kí 504 fi èrò kún, kí ó sì máa gun òkè láìṣojo, nìyí. Ohun tí ó mú kí Ìjàpá máa jáde nínú ẹrẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá rì sí nìyí pẹ̀lú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tìkára rẹ̀ ni ó jókòó lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lórí.

Òtítọ́ kejì wà tí àwọn olùfẹ́ irú ọkọ̀ yìí kì í fẹ́ sọ. Bí a bá wo ìṣirò náà padà, a óò rí i pé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, 540 ni ti afẹsẹ̀-iwájú-rìn, 405 péré ni ti èkejì. Bí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ pupa di ọ̀yọ̀, afẹsẹ̀-iwájú-rìn ni yóò kọ́kọ́ gbéra. Àwọn tí ó yí ọkọ̀ ayé padà kì í ṣe òmùgọ̀.

5. Ìdí tí ó fi wu àwọn olùfẹ́ ìwakọ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó dára sí, kí ni àwọn olùfẹ́ ìwakọ̀ rí lọ́bẹ̀ tí wọ́n fi warú sọ́wọ́? Mo rí ìdí mẹ́rin.

Ìdí kìíní ni pípín iṣẹ́. Nínú afẹsẹ̀-iwájú-rìn, ẹsẹ̀ iwájú ni ó ń fa ọkọ̀, òun náà ni ó tún ń yà á sí ọ̀tún àti òsì. Bí agbára bá pọ̀, sitiárìn a máa já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Nínú afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn, ẹ̀yìn ń tì, iwájú ń tọ́. Sitiárìn a mọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Ohun tí ilẹ̀ bá sọ ni yóò gbọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì kò ní dà á rú.

Ìdí kejì ni pé awakọ̀ lè fi ẹsẹ̀ tọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Bí afẹsẹ̀-iwájú-rìn bá wọ kọ́nà ju bí ó ti yẹ lọ, imú rẹ̀ ni yóò kọ̀ láti yà, yóò máa lọ tààrà. Bí awakọ̀ bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, yóò sábà padà sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn, epo tí awakọ̀ bá fún un ní àárín kọ́nà a máa dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Díẹ̀ a jẹ́ kí ó jókòó pẹ̀sẹ̀, púpọ̀ a mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ yọ jáde. Láàárín díẹ̀ àti púpọ̀ yìí ni ọgbọ́n wà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje fi ń sọ pé olùkọ́ ni irú ọkọ̀ yìí. Ó ń fi àṣìṣe han ẹni tí ó ṣe é, kì í bò ó mọ́lẹ̀.

Ìdí kẹta ni ìfúyẹ́ àti ìwọ̀nba agbára. Ẹ́ńjìnnì ńlá nínú ọkọ̀ olówó ńlá kò ṣeé lò tán lójú títì. Ẹni tí ó ní in dà bí ọlọ́rọ̀ tí ó kó owó sí báńkì tí a kò jẹ́ kí ó ná. Ọkọ̀ kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà kan àti díẹ̀ lọ, a lè lo gbogbo agbára rẹ̀ láìré kọjá ìwọ̀n eré tí òfin là sílẹ̀. Ìdùnnú ìwakọ̀ kò sí nínú eré àsápajúdé. Inú bí ọkọ̀ ti ń dáhùn ni ó wà.

Ìdí kẹrin ni ọ̀wọ́ owó àti àtúnṣe. Ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kì í sọ olówó rẹ̀ di ẹrú. Bí ó bá ha lára, ayé kò bàjẹ́. Bí ọ̀dọ́ bá fẹ́ tú jíà rẹ̀ láti mọ bí ó ti rí, yóò tú u. Àwọn ti àtijọ́ bí Starlet àti 504 kò ní kọ̀ǹpútà kankan tí yóò dí mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ohun tí ó bá bàjẹ́ a ṣeé fojú rí, a ṣeé fọwọ́ bà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ náà ní ìwúlò tirẹ̀: bí a bá tẹ àga ẹ̀yìn sílẹ̀, táyà mẹ́rin àti àpótí irin iṣẹ́ yóò wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kan náà tí ó gbé ìyá lọ sí ọjà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò gbé ọmọ lọ sí ibi ìdíje ní ọjọ́ Àìkú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú ọkọ̀ yìí kò lágbára, kí ó wo ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Ọkọ̀ Ìjàpá gbà á ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Peugeot 404 gbà á léraléra láàárín 1963 sí 1968. Peugeot 504 gbà á ní 1975. Shekhar Mehta ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà fi Datsun gbà á ní 1973, ó sì tún gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra wọn láti 1979 títí di 1982. Afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn ni gbogbo wọn. Lórí eruku àti ẹrẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti gba oyè wọ̀nyí, kì í ṣe lórí títì dídán ti Yúróòpù.

6. Ewu tí ó wà níbẹ̀

Ohun tí ó ń kọ́ni lè pani. Bí awakọ̀ tí kò mọ̀ bá wọ kọ́nà pẹ̀lú eré nínú òjò, tí ẹ̀rù sì bà á, tí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo lójijì tàbí tí ó tẹ bíréèkì, ìwọ̀n ọkọ̀ yóò fò síwájú, ẹ̀yìn yóò fúyẹ́, ọkọ̀ yóò sì yí bírí. Nínú Ìjàpá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo, bí yíyí náà bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti dá a dúró. Ohun tí ó yẹ ni kí awakọ̀ dín eré kù kí ó tó dé kọ́nà, kí ó má ṣe jẹ́ ìgbà tí ó bá wà láàárín rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá sì ti ń yọ̀, kí ó yí sitiárìn sí ìhà ibi tí ẹ̀yìn náà ń lọ, kí ó sì tú epo díẹ̀díẹ̀. Kíkà nìkan kò tó láti mọ èyí. Ara ni ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Níbo ni ara yóò ti kọ́ ọ? Ìbéèrè yìí ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ òní wá. Ọ̀dọ́ tí kò bá rí pápá yóò fi títì ìjọba ṣe pápá. Ní ilẹ̀ South Africa, láti ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ Soweto bẹ̀rẹ̀ sí í fi BMW àlòkù afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn yí bírí níbi ìsìnkú àwọn ìpáǹle. Ìwà àwọn ọ̀daràn ni gbogbo ayé pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, àwọn kan tẹ́ pápá fún un, wọ́n ṣe ògiri ààbò, wọ́n ṣe òfin. Ní 2014 ni àjọ tí ń ṣàkóso ìdíje ọkọ̀ ní ilẹ̀ náà gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Kò parí ewu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e kúrò ní ojú ọ̀nà tí ọmọdé àti arúgbó ń gbà.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòroó yé àwa ará Abẹ́òkúta, nítorí pé ọmọ ìlú wa ni ó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà ní Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí a bí sí ìlú yìí ní 1934, ni ó darí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá sílẹ̀ ní 1977. Òun náà ni ó di alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní Oṣù Kejì 1988. Akéwì àti olùkọ́ èdè ni, síbẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sí ohun tí ó rẹlẹ̀ sí ipò rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé tí mo fi dúró níwájú yín.

7. Bí ọlọ́gbọ́n ti í yẹ̀ ẹ́ wò

N óò fi ìmọ̀ràn díẹ̀ lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ra ẹja nínú omi, ohun tí ó bá fà jáde ni kí ó gbà.

Kí ó kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀. Ní ilẹ̀ òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì kí yìnyín má baà dì, iyọ̀ náà a sì jẹ irin. Ọ̀dà tuntun lè bo ìpẹtà, ṣùgbọ́n kò lè wò ó sàn. Bí irin tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn so mọ́ bá ti jẹrà, kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí ó di pùròpẹ́là mú, kí ó mì í. Bí ó bá ń dún kọ-kọ ní oríkèé rẹ̀, ìsopọ̀ rẹ̀ ti jẹ. Kí ó wa ọkọ̀ náà, kí ó sì fetí sí ẹ̀yìn: bí ó bá ń hu bí ẹfọn tí eré bá gòkè, jíà tí ó pín agbára fún ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀yìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé epo tí ó sì tún gbé e kúrò, bọ́ṣì ẹ̀yìn ti kú.

Nínú àwọn BMW Compact, kí ó fojú sí ohun tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ó jẹ́ ike tí ọjọ́ orí máa ń mú gbẹ, tí ooru sì máa ń là. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán gangan, bí ike kan bá là tí omi sì ṣàn tán, ẹ́ńjìnnì lè jó kí awakọ̀ tó mọ̀. Ìjàpá kò mọ irú ìṣòro yìí, nítorí pé kò mu omi.

Lákòótán, kí ó ka ọjọ́ orí táyà. Láti 2000 ni nọ́ńbà mẹ́rin ti ń parí àmì DOT tí ó wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tí a kọ 1809 sí, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún 2009 ni wọ́n ṣe é. Bí kókó ara rẹ̀ tilẹ̀ ga, rọ́bà rẹ̀ ti kú. Ẹni tí ó bá fi irú táyà bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn ti fi ibi tí agbára àti ewu ti pàdé lé òkú lọ́wọ́. Owó tí ó bá fẹ́ fi ra ìlù àti gbohùngbohùn sí inú ọkọ̀, kí ó fi ra táyà.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé kì í ṣe àṣà lásán ni ó mú kí àwọn olùfẹ́ ìwakọ̀ máa wá ọkọ̀ kékeré afẹsẹ̀-ẹ̀yìn-rìn. Ìdí wà níbẹ̀ tí ìṣirò fi múlẹ̀, tí òkè wa jẹ́rìí sí, tí ìtàn ìdíje Áfíríkà sì gbè lẹ́yìn. A rí i bákan náà pé ìdí gidi wà tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi pa á tì, àti pé nínú òjò, lọ́wọ́ aláìmọ̀, ọ̀tá ni.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé. Àkọ́kọ́, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wa kọ́ ènìyàn ní ohun tí yóò ṣe bí ọkọ̀ bá yọ̀, kí wọ́n má fi mọ sí bí a ti ń yí jíà àti bí a ti ń gba ìwé àṣẹ. Èkejì, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ronú nípa pápá kan tí a óò fi ògiri yí ká, tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ yóò ti máa kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ lábẹ́ ojú àgbà. Owó rẹ̀ kò lè tó iye ẹ̀mí kan. Ẹ̀kẹta kan àwa olùkọ́ èdè. Àwọn mẹkáníìkì wa ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ wọn. Bí a kò bá jókòó tì wọ́n kí a sì kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ìran tí ó mọ bí a ti ń gbọ́ ohùn jíà tí ó ń ṣàìsàn yóò kọjá lọ, ohun tí yóò kù ni ọkọ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.